Egungun Tí Sabau Yan

"Fà á kó tó tutù," Sabau wí, ó sì na egungun àgbọ̀nrín tó ń rú èéfín sí mi lẹ́nu ihò àpáta wa.

Egungun ojúgun yẹn kì í ṣe fún jíjẹ. Bàbá Tamok, àbúrò bàbá mi tó ń ṣáájú àwọn apẹja, ló fún èmi àti Sabau ọ̀rẹ́ mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí a fi ṣe ẹnu ọ̀kọ̀. Egungun tútù ni a fi ń ṣe é. Èyí tí iná bá ti kàn kò lágbára mọ́.

"Sabau, o ti bà á jẹ́!"

"Ojo! Ebi ò pa ẹ́ ni? Ta ló máa mọ̀?"

Ọjọ́ kẹfà rèé tí òjò ti há wa mọ́, ìgbín òkun nìkan la ń jẹ. Mo fa mùdùnmúdùn náà. Ó dùn gan-an, mo sì panu mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lọ tèmi lórí òkúta tútù. Sabau náà ń lọ èyí tó yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kí wọ́n ṣáà rí i pé mò ń ṣiṣẹ́," ó ní. Nígbà tó ku kí a fín àmì wa sí wọn, mo lọ pọnmi. Mo padà dé, tèmi dà bí ẹni pé ó funfun díẹ̀.

"Ó ti gbẹ ni," Sabau wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fín ilà mẹ́ta mi sí i. Ọ̀rẹ́ mi ni, kí ni mo fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún?

Lọ́jọ́ tí òjò dá, Bàbá Tamok fi ọ̀kọ̀ mi gún ẹja kan tó lè bọ́ gbogbo wa. Ẹnu ọ̀kọ̀ náà kán. Ẹja já lọ, igi ọ̀kọ̀ sì ya bàbá lọ́wọ́ yánnayànna. Ó gbé kùkùté egungun náà sókè: ilà mẹ́ta, inú rẹ̀ dúdú.

"Ta ló yan egungun yìí?"

Mo wo Sabau. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, ó na ọwọ́ sí mi. "Ilin ni, Bàbá. Ìṣojú mi ló ṣe fa mùdùnmúdùn ẹ̀."

Mi ò lè sẹ́ ẹ, nítorí mo fà á lóòótọ́. Ọwọ́ tó fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu náà ló ń nà sí mi yìí! Wọ́n gba òkúta ìlọ̀ mi fún Sabau, wọ́n sì ń yin ẹnu ọ̀kọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, tó jí pààrọ̀ nígbà tí mo lọ pọnmi, tó sì fín ilà méjì tirẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bá Bàbá Tamok níbi tó ti ń di ewé mọ́ ọwọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," ó ní. "Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, màá sì pe Sabau. Ṣùgbọ́n Ilin ọmọ mi, kí ló dé tó ò wá bá mi nígbà tí egungun yẹn ṣì gbóná?"

Wọ́n dá òkúta mi padà, ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ bàbá kò ká mọ́ títí dòní. Sabau dalẹ̀ mi, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ bá a bo àṣìṣe rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ má bá a jẹ níbẹ̀, ẹ má sì bá a bò ó. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ohun tí ẹ jọ jẹ ni yóò dí yín lẹ́nu.