Ọkọ́ Tí Sèínábù Gbé Pamọ́

Láyé ìgbà tí àwọn Jámánì ń pàṣẹ ní Sokodé, ikọ́ Àkàndé ló máa ń ṣáájú àkùkọ jí ìlú Kambolé. Ikọ́ yẹn kì í ṣe kékeré! Ọdún mẹ́ta ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti fi àyà rẹ̀ ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀ òun ni ládánì ìlú tẹ́lẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń pe ìrun dé etí àwọn ará oko. Ní báyìí, èémí rẹ̀ ń já kó tó pe ìrun dé ìdajì.

Sèínábù, ìyàwó rẹ̀, gbé ọkọ́ Àkàndé pamọ́ sórí àjà, kó má baà lọ sóko mọ́. Àwọn aládùúgbò fi ọ̀wẹ̀ bá a kọ ebè, wọ́n bá a gbin iṣu, wọ́n sì bá a kó o wálé. Ìfẹ́ ni. Iṣẹ́ Àkàndé kò ju kó jókòó ti iná nínú ilé, kí èéfín máa yan án bí ẹja. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ, ikọ́ ń le sí i.

Lọ́jọ́ kan, Dàda, àbúrò Sèínábù tó ń bá dókítà Jámánì kan ṣiṣẹ́ ní Sokodé, gba Tchamba kọjá, ó sì gbé iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Jàríátù, ọmọ Àkàndé àti Sèínábù, tó wà nílé ọkọ níbẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Ó ní ohùn bàbá òun ni kó pe ìrun sí ọmọ òun létí.

Àkàndé bú sẹ́kún. "Èmi tí mi ò lè pè é dé ìdajì!"

Dàda wo iná, ó wo èéfín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ máa jókòó síbí?"

"Ẹni tí àyà ń dà láàmú kì í ṣiṣẹ́," Sèínábù dá a lóhùn. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ìjókòó yìí gan-an ló ń pa wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò ná."

Wọ́n gbé Àkàndé gun ẹṣin lọ sí Sokodé. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ó ní kó kúrò nínú èéfín, kó sì máa rìn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀.

"Báwo ni díẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó?" Àkàndé bi Dàda nígbà tí wọ́n padà délé.

Dàda rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ará Kambolé ni yín, ẹ mọ kíkí. Ẹ máa rìn lọ sóko. Ẹni tí ẹ bá pàdé, ẹ kí i tilé tọmọ. Bí èémí yín bá ká kíkí náà, ẹ máa lọ. Bó bá já, ẹ jókòó, ẹ sinmi, kí ẹ tún dìde. Láàárọ̀, ẹ mí sínú dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá la ẹnu, kí ẹ fi 'háà' ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde sínú igbá eérú. Ẹ bò ó, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ kìíní, kò kọjá ọgbà Sùlè, aládùúgbò rẹ̀, tó kí i.

"Àkàndé! Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Ilé wà. Ọm..." Ikọ́ gbé e. Sèínábù sáré jáde, "Ó tó o, ẹ jẹ́ kó wọlé!" Dàda di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àkàndé jókòó sórí òkúta, ó mí, ó dìde. "Ọmọ wà," ó ní. Sùlè pàtẹ́wọ́.

Bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, ó lópin. Nígbà tí oṣù kejì fi ń parí, ó ti ń dé oko.

"Ìyá Jàríátù, ọkọ́ mi dà?"

Sèínábù gun àjà, ó gbé ọkọ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu eruku rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ebè mẹ́ta ni Àkàndé kọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Jàríátù bímọ, wọ́n mú ẹṣin wá fún Àkàndé. Ó ní kí wọ́n di iṣu rù ú. Òun fẹsẹ̀ rìn, ó sùn lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dé Tchamba. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó pe ìrun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwúkọ́. Ìgbà tó parí ló tó wúkọ́, ọmọ náà figbe ta, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

A ò ní purọ́ fún yín: ikọ́ náà ò lọ pátápátá. Àmọ́ Àkàndé tún di ládánì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, kó lò ó tán. Bí wọ́n bá ní kó máa rìn, kó máa rìn pẹ̀lú òògùn náà. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí àyà ń ro ó, kó dúró, kó sáré padà sí ilé ìwòsàn. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká bá wọn rìn. Ẹ má fi ìfẹ́ gbé ọkọ́ aláìsàn yín pamọ́.