Ohùn Màmá Ìlọrin Nínú Ọkọ̀

Misturah jí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá Ìlọrin ò sí níbẹ̀.

Màmá Ìlọrin ni ìyá Dádì. Ó pẹ́ tó fi bá wọn gbé nílé wọn ní Gwarinpa. Ṣùgbọ́n ó ti padà sílé, sí Ìlọrin.

Nígbà tó wà níbí, Misturah máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Màmá á fi ọwọ́ pa á lórí. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi! Ọmọ tí mo ṣà, tí mo sì ń kẹ́!"

Orí Misturah á wú.

Ta ni yóò kì í báyìí? Mọ́mì ò mọ̀ ọ́n kì. Dádì ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kì rárá!

Wọ́n pe Màmá lórí fóònù Dádì. Ṣùgbọ́n fóònù náà ti já sínú omi rí. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣììì... kẹ́... ṣììì..."

"Màmá, mi ò gbọ́ yín!"

"Ṣììì..."

Àárò Màmá ń sọ Misturah. Ó ń sọ ọ́ gan-an ni.

Ní ọjọ́ kan, Dádì ra ọkọ̀ tuntun. Tuntun lójú tiwọn ni o. Tòkunbọ̀ ni! Rédíò rẹ̀ ní ojú fífẹ̀ tó ń tàn yanran.

"Rédíò yìí lè sọ ohun tó wà nínú fóònù," ni Dádì wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ síléèwé. "Bùlútúùtù la fi ń so wọ́n pọ̀. Kò gba wáyà."

"Ohùn Màmá ńkọ́?"

"Ohùn Màmá náà."

Gìdì! Misturah ti fò sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀.

Dádì jókòó níwájú, ó tẹ fóònù láti ṣí Bùlútúùtù. Ó jù ú sínú àpò káfútàánì rẹ̀. Ó tẹ rédíò. Tín-ìn!

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Kò so.

Dádì tún tẹ̀ ẹ́. Tín-ìn! Wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Kò so.

"Ó mà ṣe o," ni Dádì wí. "Bóyá lọ́la."

Lọ́la kẹ̀? Ọkàn Misturah bàjẹ́. Ó yọ orí lójú fèrèsé. Máígáàdì wà lẹ́nu géètì.

"Sànnu, Bàbá!" Misturah kí i ní Háúsá.

"Yauwa! Sànnu!"

Misturah rántí ọ̀rọ̀ Màmá. Màmá máa ń sọ pé, "Bí wọ́n bá kí ọ, dáhùn. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, bí ẹni pé kò sí nílé ni."

"Dádì, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Tín-ìn! ni rédíò wí.

Gbìrì-gbìrì! ni nǹkan kan wí nínú àpò Dádì.

"Dádì! Rédíò ń kí fóònù! Ẹ ti pa fóònù mọ́ sápò. Kò ráyè dáhùn!"

Dádì yọ fóònù. Nọ́ńbà kan wà lójú rédíò. Nọ́ńbà yẹn náà ló wà lójú fóònù. Fóònù ń béèrè pé, "Ṣé ká so pọ̀?"

Dádì họ orí. "Ti rédíò nìkan ni mo ń tẹ̀."

Ó tẹ ti rédíò. Tọ́! Misturah tẹ ti fóònù. Tọ́!

Píín-pìn! Wọ́n so pọ̀!

Dádì pe Ìlọrin. Kríìn... kríìn...

"Haló?"

Ohùn Màmá kún inú ọkọ̀. Ó jáde níwájú. Ó jáde lẹ́yìn. Ó jáde létí Misturah gan-an.

"Màmá! Ẹ káàárọ̀ o!"

"Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

Misturah yára kúnlẹ̀ sórí ìjókòó. "Mo ti kúnlẹ̀, Mà!"

"Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi! Ọmọ tí mo ṣà, tí mo sì ń kẹ́!"

Orí Misturah wú. Omi kún ojú rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Bùsàrí ńkọ́?" ni Màmá wí. "Ṣé kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́ ni?"

Yé è! Bùsàrí ni Dádì. Níbo ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí nínú ọkọ̀? Ó tẹrí ba sórí sítíárìn.

Pẹ̀ẹ́ẹ́! Fèrè ọkọ̀ ké.

Máígáàdì rò pé wọ́n fẹ́ jáde. Ó sáré ṣí géètì. Gbàràgàdà!

Màmá rẹ́rìn-ín títí, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Lágbára Ọlọ́run, lẹ́yìn Iléyá, Àṣàkẹ́ mi."

Ó tó àkókò láti lọ síléèwé. Misturah de bẹ́líìtì rẹ̀. Kíì! Ó na ọwọ́ sí ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó de bẹ́líìtì tibẹ̀ náà. Kíì!

"Ta lo ń de bẹ́líìtì fún?" ni Dádì bi í.

"Màmá ni. Ohùn wọn ti dé. Ibí ni wọ́n máa jókòó sí."