Bí Raheem Ṣe Sọ Ọkọ̀ Rẹ̀ Kalẹ̀

Ẹsẹ̀ méjì ni Mardiyah kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń mì dirodiro lẹ́nu ọ̀nà píkọ́ọ̀pù kan tó ga kọjá bó ṣe yẹ. Jálàbíà funfun, ọ̀sán Jímọ̀. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà ń wá ilẹ̀, kò rí i. Ló bá fò. Inú omi àgbàrá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Mardiyah ní Ìkọ̀tún ló balẹ̀ sí, gbàjà! Jálàbíà funfun di aláràbarà.

Mardiyah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ṣé àkàbà lẹ fẹ́ rà ni? Nọ́ọ̀tì àti bóòtù là ń tà níbí o."

"Bóòtù náà ni mo wá rà," ni ọkùnrin náà wí, ó ń fún omi lára aṣọ. "Ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Èló ni?"

"Ẹ̀rín yẹn? Ènì ni."

Raheem ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, káfíńtà tó ń kan àga ní Ẹ̀gbẹ́dá. Píkọ́ọ̀pù yẹn ló fi ń kó àga fún àwọn oníbàárà. Nígbà tó rà á, bí gbogbo píkọ́ọ̀pù ṣe ń rí ló rí. Raheem fúnra rẹ̀ ló lọ yọ irin ẹsẹ̀ tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé-iṣẹ́, tó fi sípíríngì gíga àti ṣọ́ọ̀kì gíga dípò wọn. Fáàrí lásán ni, kí àwọn ará àdúgbò lè máa wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Àga tí ẹni méjì ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ ẹni mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Raheem ń ra bóòtù.

"Bọ̀dá Raheem, ìlẹ̀kùn wo ló ń lo bóòtù tó tóbi tó báyìí?"

"Ìlẹ̀kùn ọkàn mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ẹ, kò ṣeé tì mọ́."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ máa lọ jàre, ẹnu yín ti dùn jù."

Ṣùgbọ́n bó bá di aago mẹ́rin tí kò tíì gbúròó píkọ́ọ̀pù náà, ojú Mardiyah kì í kúrò lọ́nà. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò kàn fẹ́ gbà ni. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó gbà. Ó sọ ọ́ tààrà pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn méjèèjì díẹ̀.

Ó wá ku bàbá.

Àlàájì Jàfárù, bàbá Mardiyah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wa tírélà kó tó fẹ̀yìn tì sí Ìgandò. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Raheem gbé Mardiyah délé. Àlàájì wà lẹ́nu géètì, ó ń retí ọmọ rẹ̀. Dípò kí Raheem kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó na ọwọ́ jáde, ó ní, "Àlàájì, ẹ kú òjò o, sà!"

Háà! Raheem! Látòkè!

Àlàájì gbójú sókè, òjò ń rọ̀ sí i lójú. Ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà. Ó wọlé.

"Mardiyah," ló wí bí ọmọ rẹ̀ ṣe wọlé tẹ̀lé e, "èmi tí mo wa tírélà, ìgbà wo lo rí i tí mo kí àgbà látorí àga ọkọ̀? Ọmọ tí mo ní láti máa gbójú sókè wò bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀, kò lè fi ọ́ ṣaya. Ó parí."

"Bàámi, ẹ̀rù ló bà á."

"Ẹni tí ẹ̀rù bà ló yẹ kó tètè dọ̀bálẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Raheem lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní Àlàájì ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ikọ́ Àlàájì ní pálọ̀. Mardiyah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Mo fẹ́ràn yín," ló sọ fún Raheem, "ṣùgbọ́n mi ò ní lọ ilé ọkọ láìsí àdúrà bàámi. Ẹ wá nǹkan ṣe."

"Màá sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀," ni Raheem wí. "Mo mọ̀ pé ẹnu mi ló ṣẹ̀, kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n gíga yẹn ló ń gùn mí."

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ọgbà ilé tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, Raheem fa àwọn irin ilé-iṣẹ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó fi àpò ìrẹsì wé wọn sí láti ọdún méjì. Kò pe mẹkáníìkì kankan. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó to pákó ìrókò nípọn-nípọn sábẹ́ rẹ̀ kó má baà wó lu òun. Mardiyah kó bóòtù tuntun wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, àmọ́ ara àwọn méjèèjì lojú rẹ̀ wà.

Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà kọ̀, kò yí. Wọ́n da epo sí i, wọ́n fi òòlù gbá a, wọ́n tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre! Àbí ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni?"

"Ìwọ ni mo ń wò yó."

"Ẹ máa wo nọ́ọ̀tì, ẹ̀yin ọkùnrin yìí."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, sípíríngì ilé-iṣẹ́ ti wọlé. Raheem wa ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀. Gìrìrì! Táyà ẹ̀yìn ń ha bọ́dì. Ó tú u, ó tún un dè. Ó tún ha. Raheem jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Mardiyah bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàámi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ sípíríngì ẹ̀yìn ni. Wọ́n dá ti ilé-iṣẹ́ padà, táyà wá ń ha bọ́dì."

"Ta ló ń ṣe é?"

"Raheem ni, Bàámi. Òun fúnra ẹ̀."

"Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́. Ibo lẹ wà?"

Àlàájì lè bínú sí èèyàn, kò lè bínú sí sípíríngì. Kò tó wákàtí kan tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Abẹ́ ọkọ̀ ni Raheem wà. Bó ṣe gbọ́ "Àsàlámù àlékùm," ó yọ bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ foríjì mí, sà. Mo kí yín látòkè. Kò yẹ bẹ́ẹ̀."

Àlàájì wò ó. Àyà kan ilẹ̀, gírísì wà níwájú orí, yanrìn wà ní irùngbọ̀n.

"Dìde," ló wí. "Padà sábẹ́ ibẹ̀. Mò ń bọ̀."

Ó bọ́ fìlà, ó gbé e fún Mardiyah. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó sì fà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá ọmọkùnrin náà, òun àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàtà mẹ́rin péré ló kù síta. Mardiyah ń gbọ́ ohùn wọn.

"Wo ihò tí bóòtù gbà kọjá lára sípíríngì yìí. Ṣé àárín ló wà?"

"Àárín ni, sà." Raheem fọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Háà! Kì í ṣe àárín. Apá kan gùn ju ìkejì lọ."

"Èyí tó kúrú ló ń wà níwájú. O gbé e kọjú sẹ́yìn, ìyẹn ló jẹ́ kí táyà máa ha bọ́dì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ṣe irú ẹ̀ fún ọ̀gá mi, ó fi sípánà lé mi dé títì."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àlàájì béèrè wọ́ọ́rọ́, "Kí ló dé tóo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ṣebí gíga lo fẹ́ràn."

"Mo fẹ́ràn Mardiyah jù ú lọ, sà."

Mardiyah di fìlà bàbá rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Sọ fún àwọn ẹbí ẹ n'Ìbàdàn," ni Àlàájì wí nígbẹ̀yìn, "kí wọ́n wá rí mi lẹ́yìn ọdún Iléyá. Mo ti gbà."

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ ṣé gan-an, sà!" Orí Raheem kọlu irin, gbàǹ!

"Jẹ́jẹ́! Mardiyah!"

"Sà!"

"Mú sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún wá fún ọkọ ẹ."

Omi kún ojú Mardiyah, gbogbo sípánà inú àpótí wá rí bákan náà. Ó mú ọ̀kan ṣá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó nà án sábẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ Raheem gba sípánà náà, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, tòun ti gírísì. Kò fi í sílẹ̀.

"Èyí kì í ṣe mọ́kàndínlógún," ni Àlàájì wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ síta, tó fa àpótí sípánà mọ́ra.