Orí Méjì Lábẹ́ Aṣọ Kan

Oòrùn mú gan-an ní àdúgbò Nukafu lọ́jọ́ tí Ìsìlámíyátù gbé fóònù àlòkù kan tó fẹ́ rà lọ bá Dárasími tó ń tún fóònù ṣe.

"Bonjour, bùrọ̀dá. Ẹ bá mi wò ó bóyá ojú ẹ̀ dáa."

Dárasími fa aṣọ dúdú bo orí. "Inú òkùnkùn la ti ń mọ̀ ọ́n. Ti orí bọ̀ ọ́, kó o má baà ní mo purọ́."

Ó ti orí bọ̀ ọ́. Dárasími sọ ojú fóònù di funfun, ó sọ ọ́ di pupa, ó sọ ọ́ di dúdú. Ní igun kan, ìmọ́lẹ̀ ń yọ bí omi tó ń jò.

"Má rà á o, arẹwà."

Ìfẹ́ ẹ̀ wọ Ìsìlámíyátù lára. Látọjọ́ náà, kò sí fóònù tó bàjẹ́ ní Totsi tó ń gbé tí kì í gbé lọ fún un.

Lóṣù kẹta sígbà náà, Rídúwánù ẹ̀gbọ́n Ìsìlámíyátù ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Dárasími. Ó rí orí méjì lábẹ́ aṣọ kan, ó sì dá bàtà àbúrò ẹ̀ mọ̀. Kò béèrè. Àga irin ló gbé, ó là á mọ́ orí tó ga jù.

"Ọmọ Alùhájì Bàlògún! Pẹ̀lú ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì!"

Dárasími ṣubú. Rídúwánù fi gìgísẹ̀ gbá a lójú, ẹ̀jẹ̀ tú yàà. Ìsìlámíyátù deyín mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lápá, kò sì tú u sílẹ̀ títí ìyẹn fi fọ́ ọ létí.

"Fóònù là ń wò! Fóònù lásán!" Ìsìlámíyátù pariwo.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ.

"Máa lọ sílé, olólùfẹ́ mi," Dárasími sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. "Ojú ni mo fi ń jẹun."

"Èmi á máa bá ọ wò ó."

Alùhájì gbọ́. "Bó o bá jáde lọ bá kèfèrí yẹn, má padà wá sínú ilé mi."

Ìsìlámíyátù kúnlẹ̀ kí bàbá ẹ̀. Ó jáde.

Esther, ìyá Dárasími, ló ṣílẹ̀kùn, tòun ti igi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ fọ́jú ọmọ mi!" Ó nà án léjìká lẹ́ẹ̀kan, ó nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ìsìlámíyátù ò yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ nà mí, Màmá. Tẹ́ ẹ bá nà mí tán, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Igi bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó sunkún títí, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Wọlé. Kò tíì jẹun láti ìjẹta tó ti ọsibítù dé. Bóyá á gbà á lọ́wọ́ ẹ."