Akọ Ni Àbí Abo?

"Dì í mú dáadáa," ni Kíákíá ń wí. "Tẹ ìdí ìrù ẹ̀. Ohun tó bá yọ la ó fi mọ̀."

Kíákíá ni ìnagijẹ rẹ̀, ìwà rẹ̀ náà sì nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò bá òjòlá tí Kíákíá ń sìn gbélé mọ́, kó gbé e jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ aránṣọ, ló gbà láti bá a tọ́jú rẹ̀. Ọmọ aránṣọ fúnra rẹ̀ ní òjòlá kékeré kan, ejò tí kò lóró, tó máa ń ká mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà. Ṣùgbọ́n àpótí onígíláàsì kan ṣoṣo ló ní. Bí ejò méjèèjì bá jẹ́ akọ, wọ́n lè jà.

Ọkàn ọmọ aránṣọ kò gbé e, àmọ́ kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe òun ní ojo. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìrù òjòlá rẹ̀. Nǹkan kan ò yọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi agbára sí i. Ejò náà lọ́ra pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí i lọ́wọ́.

Wọ́n gbé e lọ bá Àǹtí, àbúrò ìyá ọmọ aránṣọ, tó jẹ́ dókítà ẹranko. Àǹtí kò pariwo. Ó fọwọ́, ó gba ejò náà, ó jẹ́ kó máa wọ́ lórí apá òun títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó ní ọgbẹ́ náà yóò jinná, ṣùgbọ́n ejò náà lè má jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ tẹ ìrù ejò, kò sì gbọdọ̀ ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ nídìí. Wíwò ni tiwọn: ìrù akọ sábà máa ń gùn, á nípọn díẹ̀ kó tó tín-ín-rín, ti abo kúrú, kò sì pẹ́ tó fi ń tín-ín-rín. Bí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n gbé e wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo wá ni tiwa?" Kíákíá bi í.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n ṣàlàyé. Àǹtí mirí.

"Ta ló sọ fún yín pé ejò ń wá alábàágbé? Akọ o, abo o, òun nìkan ló fẹ́ máa gbé. Ẹ lu ihò sára ike onídèérí, ẹ fi èkejì síbẹ̀."

Omijé bọ́ lójú ọmọ aránṣọ. Nítorí ìbéèrè tí kò pọn dandan ló ṣe ṣe ejò rẹ̀ léṣe.

Láti ọjọ́ náà, bí ilé ìwé bá ti parí, Kíákíá á wá sílé ọmọ aránṣọ. Á pààrọ̀ omi, á jókòó ti ejò náà. Bí wọ́n bá gbé eku síwájú ejò náà, á yíjú kúrò. Ọmọ aránṣọ á rọra sọ pé, "Má bínú." Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ejò náà gbórí sókè, ó gbé eku náà mì. Kíákíá fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ó má bàa kígbe.

Àǹtí tó wá wo ọgbẹ́ ní òun lè wo ìrù náà fún wọn wàyí.

"Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹ̀ ná, Àǹtí," ni Kíákíá wí.

Bí ẹnìkan bá ń kán ọ lójú lórí ohun tí o kò mọ̀, kọ́kọ́ béèrè. Ẹranko kò lẹ́nu láti sọ pé ó ń dun òun.