Ìdákẹ́ Tí Odalie Gé Kúrò

Odalie fi àyà dùbúlẹ̀ lórí pákó èbúté, ó ń fi kámẹ́rà ya àwọ̀n edé tí wọ́n ń fà wọ inú ọkọ̀, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan da garawa omi dídì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ṣé oorun lò ń sùn ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ìwọ ńkọ́, àwọ̀n lò ń fà ni, àbí ẹjọ́?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín. Rémi Verdin ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ edé bàbá rẹ̀ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́ ní Pointe Lisette, ní ìsàlẹ̀ Louisiana. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Odalie Billiot náà sí, kí ìjì tó lé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú Houma. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ fíìmù ló rán an padà wá. Àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni yóò ṣe fíìmù oníṣẹ́jú kan nípa ohun tó ń ba ayé jẹ́, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn káàkiri lè wò ó lórí fóònù. Ti Odalie ni òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wọn.

"Ilẹ̀ tó ń lọ lo wá yà, o wá ń ya àwọ̀n," ni Rémi wí.

"Èyí tó ti lọ kò ṣeé yà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ́ kù ni mo lè yà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Rémi lọ́kàn. Kí àsìkò edé tó parí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra.

"Odalie mi, tí ìjọba bá lè mọ odi omi tí wọ́n fẹ́ fi dá òkun dúró yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ibí ni màá kọ́lé sí. Ìwọ ni màá sì gbé wọ inú rẹ̀."

Ìjọba kò tíì pinnu. Bóyá wọn yóò mọ odi náà yí Pointe Lisette ká, bóyá wọn yóò fún àwọn èèyàn lówó kí wọ́n kó lọ.

Alcide, bàbá Rémi, kò sọ̀rọ̀ sí kámẹ́rà rí. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí àwọn oníròyìn. Ṣùgbọ́n nítorí ọmọ rẹ̀, ó jókòó fún Odalie. Gọ́mbò, ọbẹ̀ edé wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún un.

"Fi ìrẹsì kún un," ni bàbá náà wí. "Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jẹun ní Houma ni?"

Ó sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà etí omi ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ ẹni tó takò wọ́n ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò, wọn á rò ó dáadáa bíi pé tiwọn ni. Wọn á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á tó sọ tiwọn.

"Omi ti borí wa," ni Alcide wí. "Ká gba owó, ká kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á kó lọ."

Ó wo omi, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wí pé: "Èmi ò lọ. Ìyá mi ń bẹ ní itẹ́ òkú yẹn. Kí wọ́n mọ odi náà."

Nígbà tí Odalie jókòó ní Houma láti gé fíìmù náà, ìṣẹ́jú kan kò gba gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá náà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìdákẹ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ gé kúrò, nítorí ẹni tó ń wo fóònù kò ní sùúrù.

"Parí rẹ̀ síbi tó ti yíjú sí omi," ni Corinne, olùkọ́ rẹ̀, wí. "Ojú yẹn á pa wọ́n lẹ́kún."

Odalie mọ bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó gé e síbẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé sunkún ní ìlú tí Odalie kò tilẹ̀ lè pè lórúkọ. Wọ́n fi fíìmù náà ránṣẹ́ síra wọn. Rémi wò ó nínú ọkọ̀, ó sì pe Odalie.

"Ìyókù dà?"

"Àyè ò gbà á, olólùfẹ́ mi. Ará ilé kankan ò ní ṣàì mọ̀ pé Bàbá ò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Ṣé ará ilé ló ń wò ó?"

Odalie ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Rémi kò sì bi í mọ́.

Nígbà tí ìjọba pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá kan tan fíìmù náà sára ògiri. "Àgbà yín fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́," ni ó wí. Odi omi kò ní dé Pointe Lisette.

Alcide dìde. "Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi nígbà náà."

"Bàbá, gbogbo ayé ti gbọ́ yín."

Níta, àbúrò rẹ̀ dúró dè é. "Alcide, èló ni wọ́n fún ẹ?" Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti kíra mọ́.

Odalie gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sílé àwọn Verdin. Lórí tábìlì ìdáná ló ti dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà, àti ìdákẹ́ àti èyí tó tẹ̀ lé e, tí bàbá náà jókòó tì í. Nígbà tó parí, Alcide wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Mo ti forí jì ẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ẹ jẹun mọ́."

Odalie yíjú sí Rémi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ńkọ́? Wá bá mi ní Houma."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Odalie. Mo rí ohun tó sọnù nínú fíìmù yẹn, mo sì panu mọ́ nítorí ìfẹ́ rẹ. Tí mo bá wá tẹ̀ lé ọ báyìí, bíi pé mo tún ta bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì ni."

"Ta ló tà á?"

"Àwa méjèèjì."

Láti orí tábìlì náà ni Odalie ti fi fíìmù tuntun náà síta fún gbogbo ayé. Ó dúró wo ohun tí wọn yóò sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti gùn jù, pé ti àkọ́kọ́ dára ju èyí lọ.

Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó tì í bọ àpò. Ó kí Eunice, ìyá Rémi, pé ó dàbọ̀. Obìnrin náà ń fọ abọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Odalie jáde, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì wà á lọ.