Ojú-Ìwé Kejì Tí Bàbá Sọ

"Àǹtí, ẹ tún un ṣí."

Atẹ̀wé tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ọwọ́-yá tún fáìlì náà ṣí. Ojú-ìwé kìíní jáde geere: ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí bàbá rẹ̀ ní kó bá òun tẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní èdè ọ́fíìsì, torí obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ojú-ìwé kejì, èyí tó bá òun fúnra rẹ̀ sọ ní Yorùbá, àpótí òfìfo ni láti òkè délẹ̀.

Ọ̀la ni wọ́n máa sin bàbá.

"Orí ẹ̀rọ wo lẹ ti kọ ọ́?" Atún-kọ̀ǹpútà-ṣe tó jókòó tì í ló bi í.

"Èyí tó jóná. Fáìlì yìí nìkan ni mo ti fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi ṣáájú. Ìwọ náà lo sọ pé kò lè jí mọ́."

"Fọ́ǹtì wo, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, lẹ lò?"

"Èyí tí ọ̀rẹ́ mi fún mi láyé àtijọ́. Yorùbá ló ń gbé jáde lójú mi."

"Lójú yín nìkan ni, àǹtí. Àmì játijàti lẹ̀rọ ń tọ́jú. Fọ́ǹtì yẹn ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ Yorùbá, aṣọ ọ̀hún sì ti bá ẹ̀rọ jóná. Mo ti wá irú rẹ̀ káàkiri, mi ò rí." Ó tọ́ka sí àwọn àpótí náà. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rántí ohun tí wọ́n sọ?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ̀wé. Tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ló ń gbọ́, etí mi kì í gbọ́. Bàbá tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀: 'Ọwọ́-yá, rọra o, èmi ni mò ń kú, kì í ṣe ìwọ.' Mo ní kí wọ́n ṣáà máa sọ ọ́ lọ, pé màá kà á tó bá yá."

Ọkùnrin náà yí ẹ̀rọ tirẹ̀ sí i. "Ẹ wo bí ẹ ó ṣe máa ṣe é láti òní lọ. Ẹ lọ sínú ètò ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n kọ èdè sí. Ẹ fi Yorùbá kún un, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àmì kékeré kan á yọ nísàlẹ̀. Òun lẹ ó máa tẹ̀ láti bọ́ sí èdè kejì. Ẹ yan abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ èdè tó jẹ́ fún ẹ̀rọ, kó má baà máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín."

Ọwọ́-yá tẹ "Bàbá mi" síbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó dé láìyingin.

"Bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí." Ọkùnrin náà kò lè wojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìsìnkú, wọ́n ka ojú-ìwé kìíní, gbogbo ènìyàn sunkún. Ọwọ́-yá ká ojú-ìwé kejì tó ti tẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àpótí rẹ̀, ó fi sínú pósí bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè méjì kọ̀wé, ẹ má ṣe yá ọ̀rọ̀ yín láṣọ. Ẹ fi èdè kọ̀ọ̀kan àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ lo fọ́ǹtì tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀, ẹ ṣí iṣẹ́ yín wò lórí ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú. Kí ẹ sì kà á sétí ẹni tó sọ ọ́, nígbà tó ṣì lè dáhùn.